Agolo Èkùrọ́ Bàbá Ọkọ̀

Ọjọ́ tí a sin Bàbá Àgbà, mo wo gbogbo àgbàlá títí, mo ń wá àwọn ọ̀rẹ́ Àdúnní. N kò rí ju ẹnì kan ṣoṣo lọ, ẹni náà sì ni ẹni tí n kò rò pé ó lè wá. Àwọn yòókù jókòó sílé wọn. Àwọn tí wọ́n ti jẹ iṣu ọkùnrin yìí ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi fún bí ọdún méjì, tí wọ́n mu ẹmu rẹ̀, tí wọ́n fi ìtàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí wọn kò fi wá, n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé wọ́n jẹ̀bi.

Àdúnní kì í ṣe èèyàn. Ọkọ̀ ojú omi ni, ọkọ̀ akérò tó ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Èkó lórí ọ̀sà. Àwọn èrò ló fún un lórúkọ yẹn, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pè é. Bàbá Àgbà, ọmọ Arámọkọ pọ́ńbélé, tí kò sí odò kan nítòsí ilé bàbá rẹ̀ tó mu èèyàn dé ìbàdí, ṣiṣẹ́ lórí Àdúnní fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìdí nìyí tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Bàbá Ọkọ̀. Bó ṣe dé orí omi gùn láti sọ, n kò sì fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Irú ẹni tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun kan tó ṣe.

Èèyàn kúkurú ni. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún fà wálẹ̀ ju tòsì lọ nítorí okùn tó ti fà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó máa ń la ẹsẹ̀ rìn, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ Arámọkọ fẹ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo nǹkan nínú ilé ló máa ń so: ewúrẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, agbòòrùn, ọmọrí ìkòkò omi. Ìdè rẹ̀ kì í tú, àfi kó wá tú u fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àlejò dé láti Ìdó-Ilé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìyá mi sì dúró ti ìkòkò omi, ó ń fi eyín já okùn. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí Bàbá dé, ìyá mi bi í pé olè wo ló máa jí omi mímu. Kò bínú. Ó tún okùn náà so, ó ní, “Mo fẹ́ mọ ibi tí nǹkan wà ni.”

Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un lórí Àdúnní, iṣẹ́ oníṣirò ni. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ló máa ń dúró sí pẹ̀lú agolo bisikíìtì kan tí kò ní ọmọrí, èkùrọ́ kún àpò rẹ̀. Bí èrò kan bá ti wọlé, yóò fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, yóò ju èkùrọ́ kan sínú agolo. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, tí èrò ń sọ̀kalẹ̀, yóò máa yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ bá bi í pé, “Ṣé wọ́n pé?” yóò mi agolo. Bí kò bá dún, gbogbo èrò ti sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, yóò sì dáhùn pé, “Wọ́n pé.” Ó ní òun kò ṣì í rí.

Àwọn ọmọdé nìkan ni kì í kà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: kò sí ìyá tó fẹ́ kí wọ́n máa ka ọmọ òun, ẹni tó bá ń kà á, bí ẹni tó ń fi í han ikú ni. Tí Bàbá bá dé ọ̀dọ̀ abiyamọ, aṣọ ni ìyá náà yóò fà bo ọmọ tó wà lẹ́yìn, yóò sì ti èyí tó ń rìn sẹ́yìn ara rẹ̀. Obìnrin kan ti gbá èkùrọ́ dànù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kó máa ka gbogbo orí, tàgbà tọmọdé, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ Bàbá náà dàgbà nìyẹn. Ìyá tó bí i lọ́mọ kú láìsọ iye tí òun bí fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí èrò bá kún Àdúnní, àgbà ló ní èkùrọ́ nínú agolo. Bí wọ́n bá bi í léèrè, èsì kan náà ló máa ń fọ̀, “Ọlọ́mọ ló mọ ọmọ rẹ̀.”

Ohun tó wá rú mi lójú nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni pé Bàbá tí èmi mọ̀ kì í fi ọmọ sílẹ̀ láìkà. Bí a bá ti oko dé, bí a bá ti ilé-ìwé dé, ojú fèrèsé ló máa ń to èkùrọ́ sí, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Oúnjẹ kò ní kúrò nínú ìkòkò títí èkùrọ́ yóò fi pé. Ó sì ń ka ọmọ aládùúgbò mọ́ wa! Ìyá Bísí, ará ilé kejì, gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó sì jáde tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́.

“Bàbá, kí lẹ ń ka ọmọ mi fún? Ẹ fẹ́ fà á lé ukú lọ́wọ́ ni?”

“Rárá o.”

“Kí wá ni? Ẹ jáwọ́ lọ́rọ̀ ọmọ mi! Èmi ò ránṣẹ́ pè yín pé kẹ́ ẹ wá ka unú ulé mi!”

Ó bú u, ó bú u, gbogbo àdúgbò jáde wá wò. Bàbá Àgbà, tó lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa èèyàn mẹ́wàá lẹ́nu mọ́, dúró bí ọmọ tí tíṣà ń bá wí. Nígbà tó rẹ obìnrin náà, ó ní, “Má bínú, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó délé ni.”

Ìròyìn dé bá wa lẹ́yìn òmìnira pé wọ́n ti fẹ̀yìn Àdúnní tì. Wọ́n ní wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn èbúté kan níbi tó ti ń dípẹtà. Bí mo ṣe ń wo Bàbá, mo rò pé inú rẹ̀ máa bàjẹ́.  Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí a ń pè ní Tíṣà Ìlogbò, gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ìlogbò, ó fi ìwé ìròyìn wé fọ́tò Àdúnní mọ́ abíyá. Ọkọ̀ náà ló gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó ní kò yẹ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kú bí ajá ìgboro. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú akọ̀wé kan wá, akọ̀wé mú oníṣòwò méjì wá, bí wọ́n ṣe di ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ Àdúnní nìyẹn, tí wọ́n ń pàdé ní pálọ̀ Bàbá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Èmi, tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà, ni mo máa ń gbé àwo tí wọ́n to fọ́tò sí ká tí mo bá wálé. Ẹni tí kò bá fọwọ́, kò gbọdọ̀ kan fọ́tò. Òfin Tíṣà nìyẹn, àní ó ń wo abẹ́ èékánná èèyàn!

Kí ẹ sì rí ìjà wọn! Wọ́n jà lórí bóyá funfun ni wọ́n kun páìpù èéfín rẹ̀ tàbí dúdú. Wọ́n jà lórí ibi tí bẹ́ǹṣì àwọn obìnrin wà. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Àdúnní máa ń fọn fèrè kó tó kúrò ní èbúté. Bàbá dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó káwọ́ mọ́ ẹnu, ó fọn ún. Ewúrẹ́ sá, adìyẹ sá, ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ilé kejì. Ó padà wá jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Èmi ni mò ń fọn ún.”

Àsìkò tí ọ̀rọ̀ òṣèlú dá ilẹ̀ wa rú ni, tí èèyàn ń fojú burúkú wo aládùúgbò rẹ̀. Nínú pálọ̀ yẹn nìkan ni mo ti ń rí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan àti ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì tí wọ́n jọ ń wo ohun kan náà, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn wọn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí Bàbá fi sílẹ̀.

Nítorí ìtàn kan wà tí kì í sọ. Ọdún bíi méjìlá ṣáájú ìgbà yẹn, Àdúnní gun yanrìn abẹ́ omi lásìkò ọyẹ́, ó sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Tí ẹnikẹ́ni bá dá a sílẹ̀, Bàbá á ní òun fẹ́ lọ wá obì, kò sì ní padà títí ọ̀rọ̀ yóò fi yí sí nǹkan mìíràn. A gbà pé nítorí Màmá Ìkìrun ni. Ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, Ràbí, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló kú lọ́jọ́ náà. Ará Ìkìrun tó wá tẹ̀dó sí Arámọkọ ni obìnrin náà, aṣọ ló ń tà, Àdúnní ló sì ń wọ̀ lọ ra ọjà l'Ékòó nígbà náà. Òun náà máa ń wá sípàdé. Ó ní orí Àdúnní ni òun ti rí ẹ̀rín ọmọ òun kẹ́yìn.

Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ ni pé èrò ń tì í, ó ń sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ àwọn apẹja tó wá kó wọn, ọmọ kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀, Ràbí di ìró rẹ̀ mú. Nígbà tó wẹ̀yìn, Ràbí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó gbà pé omi ló ti bọ́ sí. “Kádàrá ni,” á ní, “ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ti bọ́. Ìyá wo ló ń jẹ́ kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ òun?” Láti ìgbà náà ló ti ń fi ọ̀já aṣọ so àwọn ọmọ tó bí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó bá ń lọ sọ́jà. Àwọn ọmọ ọdún méje, ọdún mẹ́jọ. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kò tú wọn.

Lẹ́yìn náà ni yóò wá kúnlẹ̀ síwájú Bàbá lójú gbogbo èèyàn. “Bàbá yìí ló wá ọmọ mi rí nínú eèsún létí omi. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni mo fi rí òkú rẹ̀ sin.” Bàbá á sì pariwo mọ́ ọn pé, “Dìde! Mo ní kó o dìde!” bí ẹni tí wọ́n gún nígi. A rò pé ìtìjú ọpẹ́ ló ń ṣe é.

Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ti wa iṣu tuntun, èyí tó tóbi jù ni Bàbá máa ń dì ránṣẹ́ sí i. Ìyá Àgbà kò gbà á mọ́ra rí.

“Uṣu gidi ń lọ sí ulé Màmá Ìkìrun, ẹ̀rún ló kù fún wa,” ó wí lọ́dún kan. “Kí lẹ ṣe obìnrin yìí gan-an?”

Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀rín ni mo ń rín, mo rò pé owú ló ń jẹ arúgbó. Bàbá ń di ẹrù náà, kò gbójú sókè. Ó ní, “Jẹ́ kí uṣu lọ.”

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ọyẹ́ ni gbogbo rẹ̀ dé. Tíṣà Ìlogbò ti lọ kí àna rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó bá onífọ́tò kan tó ń da fọ́tò àtijọ́ nù, ó sì ṣa ẹyọ kan. Inú ọkọ̀ apẹja ni onífọ́tò náà wà nígbà tó ya fọ́tò ọ̀hún, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Àdúnní gun yanrìn. Àdúnní fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọkùnrin kan ń bọ̀ wálẹ̀ lórí pákó láti inú ọkọ̀, èjìká rẹ̀ kan fà wálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan tí wọ́n fi aṣọ wé.

“Ẹ wo Bàbá Ọkọ̀!” Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. “Ẹrù ta lẹ gbé dání bí ẹyin báyìí?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fọ́tò ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Màmá Ìkìrun ló kàn láti gbà á, ó ti ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Bàbá lè sọ pé ẹrù oníṣòwò kan ni. Kò sí ẹni tí kò ní gbà á gbọ́. Mo ń wò ó. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, èkùrọ́ dún níbẹ̀. Ó dìde.

“Ràbí ni,” ó ní. “Unú ọkọ̀ ni mo ti gbé e. Kì í ṣe unú eèsún.”

 Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, kò kánjú. Ó ní bí èrò kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ apẹja lọ́jọ́ náà ni òun ń yọ èkùrọ́ wọn. Ràbí já kúrò lára ìyá rẹ̀ nínú ìtìkutì, ẹ̀rù bà á, ó sá padà sábẹ́ bẹ́ǹṣì tó ti sùn sí láàárọ̀. Ìyá rẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní ọmọ kan wà nínú ọkọ̀ kejì, ọmọ sì pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ wá bèèrè pé ṣé wọ́n pé.

“Mo mi agolo, kò dún. Mo ní wọ́n pé. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni wọ́n tukọ̀ lọ.” Ohùn rẹ̀ kò yí padà. “Ràbí ò ní èkùrọ́ nínú agolo. Kí omi tó gba ọkọ̀, ó tó wákàtí kan. Bí mo bá ti kà á, ǹ bá padà lọ gbé e.”

Ó yíjú sí obìnrin náà. “Nígbà tí mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ọkọ̀ bẹ̀ mí pé kí n sọ pé etí omi ni, kí wọ́n má bàa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo sọ bẹ́ẹ̀. O kúnlẹ̀, o sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Ìyá Ràbí.”

N kò tíì gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, inú ń bí i. “Kí ni àǹfààní èyí nísinsìnyí, Bàbá? Ẹ ti ba Àdúnní jẹ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́!”

“Àdúnní ò ṣe nǹkan kan,” Bàbá dá a lóhùn. “Èmi ni.”

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá Ìkìrun béèrè. “Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti bọ́ sómi?”

“Kì í ṣe ọwọ́ rẹ.”

Ó mú fọ́tò náà, ó ki í bọ abẹ́ aṣọ rẹ̀, ó sì jáde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e ní méjì méjì, wọn kò dágbére. Wọn kò padà wá mọ́. Lọ́dún náà, Màmá Ìkìrun dá iṣu tuntun padà sẹ́nu ọ̀nà wa, Bàbá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o wọlé. Ibẹ̀ ló jẹrà sí, Ìyá Àgbà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Èmi náà bá a jà, kí n má purọ́. Mo bi í bó ṣe ń sùn fún ọdún méjìlá, nígbà tó ń wo obìnrin yẹn tó ń so ọmọ mọ́ ọwọ́ bí ewúrẹ́. Ó wá sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa Àdúnní kúrò lórí yanrìn, tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ni òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fipá ka ọmọ lórí rẹ̀, pé ẹjọ́ àwọn abiyamọ ló pọ̀ títí wọ́n fi ní kí òun máa lọ sílé. Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo bi í.  Ó ní, “Mò ń dúró de ọjọ́ tí kò ní dùn ún, Àjíkẹ́. Ọjọ́ náà ò wá.”

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Mo wà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan nígbà tí Màmá Ìkìrun wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ lé e. Kò so ẹnikẹ́ni mọ́ ọwọ́. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí Àdúnní gun yanrìn ti ga jù ú lọ. Kò kí mi. Ó to àwọn ọmọ náà sí ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá, agolo yín dà?”

Mo gbé e wá láti ojú fèrèsé. Mo bu èkùrọ́ sí Bàbá lọ́wọ́.

“Ẹ kà wọ́n.”

“Ìyá Ràbí, ọmọ rẹ ni...”

“Mo ní kẹ́ ẹ kà wọ́n.”

Wọ́n wá síbi ibùsùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan èjìká wọn, ó sì ju èkùrọ́ sínú agolo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni agolo dún. Nígbà náà ni obìnrin náà sún mọ́ ọn.

“Ṣé wọ́n pé?”

Bàbá wo agolo. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ sí etí, kò nù ún.

“Wọn ò pé,” ó ní. “Ó ku ọ̀kan.”

Màmá Ìkìrun mú èkùrọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sínú agolo. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì sunkún títí oòrùn fi wọ̀. Kò sọ pé òun dárí jì í, Bàbá kò sì bi í. Ọjọ́bọ̀ ló kú, Màmá Ìkìrun nìkan nínú ẹgbẹ́ náà ló sì wá sin ín.

Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, àbúrò mi fẹ́ da ohun tó wà nínú agolo náà nù kó lè rọ iyọ̀ sí i. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lójú fèrèsé mi báyìí, èkùrọ́ márùn-ún sì wà nínú rẹ̀.